Ẹ̀yìn Alùpùpù Briar Tó Le

Briar ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù Èrèlé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfúnwàrà, ìgbẹ́ màlúù kún bàtà rọ́bà rẹ̀ dé ojúgun, ó ní, "Nana, ẹ̀yìn alùpùpù mi ti le. Ó ń ta mí nípàá bí ọmọ màlúù." Ọmọ-ọmọ mi ni; ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í parọ́ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Dion, bàbá rẹ̀, sì ti fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn yẹn ní ogúnjọ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré ló wà láàárín. Ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn ló bà á jẹ́. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ohun tí mo ṣì ń sọ nìyẹn.

Kí ló wá dé tí apá yìí ò fi wálẹ̀?

Mo ti yọ ṣọ́ọ̀kì náà. Ó wà lórí tábìlì iṣẹ́, lórí ìwé ìròyìn tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, nítorí mi ò lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé pákó lásán. Alùpùpù fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí ike, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Kò sí ohun tó gbé apá ẹ̀yìn ró mọ́, apá irin gígùn tó di táyà mú. Ó yẹ kó já wálẹ̀. Ó yẹ kó rọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó sùn lọ. Ó dúró gbagidi sínú afẹ́fẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ké. Ó lọ sílẹ̀ díẹ̀ ... ó sì dúró síbẹ̀. Kò padà sókè, kò lọ sísàlẹ̀ mọ́.

Òórùn rẹ̀ ń rí mi lára. Epo tó ti bàjẹ́, àti ìgbẹ́ tó gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ibi kan ṣoṣo tí omi mi ò dé. Lẹ́yìn ògiri, èso fijóà ń jẹrà sábẹ́ igi, òórùn adùn-bí-oyin yẹn tó máa ń yí padà di òórùn àìsàn. Briar ló máa ń ṣà á. Lọ́dún yìí, eegun èjìká rẹ̀ tó ṣẹ́ kò jẹ́ kó ṣà á.

Àbámẹ́ta ni ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdu. Ọ̀túnla. Gbogbo ẹni tó bá ń kúrò ní oko wàrà kan lọ sí òmíràn, ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń lọ, àwọn àti ajá, àti àga, àti màlúù lójú pópó. Ọdọọdún ni mo máa ń dúró lẹ́nu géètì, tí mo ń juwọ́ sí wọn. Lọ́dún yìí, àwọn tèmi ni. Leanne ọmọ mi, ọkọ rẹ̀, àti Briar. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí erékùṣù gúúsù, wọ́n á tún wakọ̀ odidi ọjọ́ kan. Iṣẹ́ wà fún wọn níbí. Ilé wà fún wọn níbí. Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń lé wọn.

"Mum," Leanne ní, nínú ilé ìdáná mi, kò tilẹ̀ jókòó, "ìgbà tí ẹ bá bẹ Dion nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí i la máa tó tún fẹsẹ̀ kan ilé yìí. Bí ẹ ò bá bẹ̀ ẹ́, ẹ má wojú wa ní Kérésìmesì. Ẹ má wojú Briar."

Mo ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fi ibi tí mo ti ṣẹ̀ hàn mí, màá bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ọ́ kedere. Kì í ṣe agídí. Mi ò kì í tọrọ àforíjì ohun tí mi ò ṣe. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdí tí mo fi wà níbí láàárọ̀ nìyẹn. Àwọn màlúù ti wà nísinmi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ò fún wàrà wọn mọ́, ilé ìfúnwàrà dákẹ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Ajé. Briar ní òun ò mú alùpùpù náà lọ. "Ẹ fi í sílẹ̀, Nana. Ó kórìíra mi." Irin ò mọ ìkórìíra. Mo fẹ́ tú u palẹ̀, kí n rí ohun tí Dion ṣe sí i, kí n tún un ṣe bó ṣe yẹ, kí n sì fi irin tó bàjẹ́ náà sínú àpò ìwé, kí n gbé e lé Leanne lọ́wọ́. Kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà kí wọ́n máa lọ bí wọ́n bá fẹ́.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì náà dára.

Mi ò fẹ́ kó dára. Mo ti gbé e nàró, mo ti fi gbogbo ìwúwo ara mi lé e. Ó rọ̀, ó sì padà, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láìdún. Kò jo epo. Sípíríǹgì tí Dion fi sí i ... èyí tó yọ kúrò ṣì wà lórí ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, irin rẹ̀ nípọn ju tuntun lọ dáadáa. Ó wá èyí tó rọ̀. Ọmọ fúyẹ́, ó wá èyí tó rọ̀ fún un. Ta ni yóò fi sípíríǹgì tó rọ̀ sí nǹkan kó sì wá le — rárá. Rárá, nǹkan mìíràn wà tó ṣe. Ó ní láti jẹ́ pé ó tẹ apá yìí wọ́. Ó ti fi òòlù lù ú. Gbogbo nǹkan ni Dion ń fi òòlù lù.

Ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá dijú, ọwọ́ Dion ni mo máa ń rí. Dúdú lábẹ́ èékánná, gírísì nínú gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi ń bu búrẹ́dì. Ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn ló fi ń nu ẹnu. Ó ń gbé ìgò ọbẹ̀ tòmátò sẹ́nu mu — mo rí i lẹ́ẹ̀kan, ó rò pé mo wà nínú ọgbà. Ó ń jẹ páì lórí ìdúró, lẹ́bàá adágún ìgbẹ́, òun àti ajá. Ajá bù ú jẹ, òun náà bù ú jẹ. Ó rí i pé mo ń wo òun. "Ẹ má bẹ̀rù fún mi, Glenys. Ajá ló yẹ kó máa bẹ̀rù." Leanne rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo fọ etí rẹ̀ pẹ̀lú òwú títí ó fi pé ọmọ ọdún méje, ó rẹ́rìn-ín. Mi ò lè jẹ oúnjẹ ọjọ́ yẹn.

Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tó ń bá màlúù gbé, omi ló fi ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀; bí kò bá ṣe é lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí a ò fi ní mọ èwo ni èwo. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe é lóko yìí. Kọnkéré, ògiri, bàtà, bọ́kẹ́ẹ̀tì, táyà. Bí wọ́n bá ti fún wàrà ìrọ̀lẹ́ tán, màá fa rọ́bà omi ńlá jáde, èyí tí ẹ̀rọ ń ti omi rẹ̀, tó ń ṣí ìgbẹ́ kúrò nílẹ̀ bí ẹni bó ọsàn. Murray ọkọ mi ń pè é ní orogún òun. "Bí mo bá kú, Glenys, bóyá kí o fẹ́ ẹ." Jẹ́ kó máa sọ. Kò sí àgbàlá tó mọ́ tó tiwa láti ibí títí dé ẹsẹ̀ òkè. Awakọ̀ tó ń gbé wàrà sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ó dáa. Oríkèé ló kù.

Mo ti tún ẹ̀rọ ìfúnwàrà ṣe fúnra mi nígbà tí kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mi ò ní torí bóòtù kan jókòó sunkún. Oríkèé yìí ni ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì dúró lé, òun ló so ó mọ́ apá ẹ̀yìn. Ó dà bí ìgúnpá: táyà gun òkìtì, ó ṣẹ́ po, táyà sọ̀, ó nà. Bóòtù kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Sípánà mú orí rẹ̀. Ó yí. Ó ń yí, kò jáde. Mo da epo sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó ní láti rin dáadáa. Màá dúró.

Màá dúró ...

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù Ẹrẹ́nà. Mi ò nílò ìwé láti rántí ìyẹn. Briar ń da àwọn màlúù bọ̀ wálé, ó dé ibi òkìtì kékeré tó wà lórí afárá gọ́tà, òkìtì tó ti ń gùn láti ìgbà tó ti mọ alùpùpù gùn. Ẹ̀yìn alùpùpù fò sókè. Ọmọ náà gba orí ọwọ́ alùpùpù kọjá. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà yìí. Mi ò gbọ́ igbe, èyí tó burú jù ni pé mi ò gbọ́ igbe, àwọn màlúù ló dúró tí wọ́n ń wò ó.

Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, mo ti sun ẹran àgùntàn. Briar jókòó, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Dion jókòó. Kò fọ ọwọ́. Ọmọ ṣẹ́ eegun, ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, kò fọ ọwọ́. Mo ní, "Ìwọ lo ṣẹ́ ọmọ rẹ léjìká, Dion. Ìwọ àti ìdọ̀tí ọwọ́ rẹ. Bí o ṣe ń jẹun náà lo ṣe tún un ṣe." Murray ń wo ìgò iyọ̀. Leanne pe orúkọ mi, kò pè mí ní Mum. Mo dúró de èsì Dion. Ẹni tí kò jẹ̀bi á fèsì. Ó fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó wò mí, bí ẹni tó fẹ́ ... Lẹ́yìn náà ó fa àwo Briar sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́, nítorí ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún un. "Jẹun, ọmọ mi," ló ní. Ó tán.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ilé, èyí tí mo ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, kí n tó sùn: Dion ò rí èsì fọ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo kọ ìyẹn náà.

Epo ti rin tó. Òòlù. Mo gbé pákó kékeré lé ẹnu bóòtù kí n má bà á jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó sún. Ó tún sún ... ó jáde.

Omi.

Omi ló tẹ̀lé e. Omi pupa, ó ń kán sórí kọnkéré mi, tó, tó, bí imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo fi ìka wọ inú ihò náà. Ó yẹ kí abẹ́rẹ́ irin wẹ́wẹ́ tò yíká ibẹ̀, kí wọ́n máa yí nínú gírísì. Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ti dípẹtà, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra bí eyín tó ti jẹrà nínú ẹrẹ̀kẹ́. Kò sí gírísì. Kò sí ẹyọ kan, kò sí èyí tí mo lè fi kun èékánná kan. Ìpẹtà, àti ẹrẹ̀ kan tó láwọ̀ ewéko, kíkúnná bí àtíkè. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Mo mọ òórùn ẹ̀. Báwo ni ìgbẹ́ màlúù ṣe dé inú egungun irin?

Ìdọ̀tí Dion. Mo ti sọ ọ́. Kò fi gírísì sí i. Ó tú u, ó dì í padà ní gbígbẹ, ó lọ jẹ páì. Ó parí. Mo ti rí i. Màá fi í sínú àpò ìwé —

Rọ́bà kékeré tó yẹ kó dí ẹnu ihò náà ṣì wà níbẹ̀. Kò ya. Ó ti ká wọ inú. Ó ká sínú bí ẹni pé nǹkan kan tì í wọlé láti ìta.

Òjò ni. Òjò wa ní ibí ... Òjò kì í ti rọ́bà wọlé. Òjò ń ṣàn kọjá ni. Ohun tó máa tì í wọlé, ó ní láti lágbára. Ó ní láti wá tààrà. Ó ní láti wá léraléra, sí ojú kan náà ...

Ìwé dà? Mo fẹ́ wo ọjọ́ náà. Mo fẹ́ rí ibi tí mo kọ ọ́ sí pé Dion kò fi gírísì sí i, kí n lè ní ọjọ́ lọ́wọ́ bí mo bá ń bá Leanne sọ̀rọ̀. Ìwé ilé wà lórí pẹpẹ òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn màlúù. Mo fi ìka kékeré ṣí i, òun nìkan ló mọ́.

Ogúnjọ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́, Àbámẹ́ta. "Dion tú ẹ̀yìn alùpùpù Briar sórí kọnkéré tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Agolo gírísì méjì, àkísà káàkiri. Ó ní òun fẹ́ tú oríkèé ìsàlẹ̀. Mo ní kó kó ẹ̀gbin rẹ̀ nílẹ̀ kí ọkọ̀ wàrà tó dé. Ó pààrọ̀ sípíríǹgì nìkan, ó kó gbogbo rẹ̀. Mo fọ ilẹ̀. Mo fọ alùpùpù."

Ọwọ́ mi ni. Lẹ́tà mi ni, kékeré, títọ́.

"Ogún ìṣẹ́jú péré, Glenys. Ó ti gbẹ nísàlẹ̀ níbẹ̀." Ó wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó má fi kan nǹkan kan, bí ẹni tí wọ́n na ìbọn sí. "Kì í ṣe lórí kọnkéré mi," mo ní. Ọkọ̀ wàrà kò dé títí di ìrọ̀lẹ́. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Mi ò gbàgbé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá ti kọ nǹkan sílẹ̀, mo máa ń rò pé mo ti fọ̀ ọ́ kúrò lọ́wọ́.

Mo ń ṣí i sẹ́yìn. Mo fọ alùpùpù. Mo fọ alùpùpù. Màlúù olójú kan bímọ, akọ. Mo fọ alùpùpù. Òjò. Mo fọ alùpùpù abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọ̀wàrà tí a fún Briar ní alùpùpù náà fún ọjọ́ ìbí rẹ̀, títí di ọjọ́ tó ṣubú ... mo ń kà á. Mo máa ń ka nǹkan ni, bí mo ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀tàdínlọ́gọ́fà. Ìgbà mẹ́tàdínlọ́gọ́fà ni mo gbé ẹnu rọ́bà yẹn sí abẹ́ rẹ̀, láti ibi tó súnmọ́ tó kí n lè rí i pé gbogbo rẹ̀ ti kúrò. Mo ń wá ọ̀rọ̀ kan, gírísì. Ó wà níbì kan ṣoṣo, pẹ̀lú ẹ̀gbin.

Kó tó di ìyẹn ... dúró. Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ọ̀pẹ. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé, lábẹ́ ọmọ màlúù tó kú, mo há a síbẹ̀:

"Dion ní ẹ̀yìn alùpùpù Briar ti ń le. Ó ní omi rọ́bà ló ń wọ oríkèé rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa."

Oṣù Ọ̀pẹ. Kó tó fọwọ́ kàn án rárá. Ó ju oṣù kan lọ kó tó fọwọ́ kàn án.

"Glenys, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí omi yẹn máa gba òkè. Nísàlẹ̀ yẹn, ó ń wọ inú." Ó ń fi bàtà rẹ̀ tọ́ka. Mo ń wo bàtà náà. Mo ń wo ohun tó lẹ̀ mọ́ bàtà náà, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo gbọ́ ọ. Mo kọ ọ́.

Ó mọ̀. Nídìí tábìlì, ní ọjọ́ yẹn, tí mo ń dúró de èsì, ó mọ̀. Èsì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, gbogbo tábìlì ì bá yíjú sí mi, Briar ì bá yíjú sí mi pẹ̀lú apá rẹ̀ tó so kọ́rùn. Ó gbé e mì. Ó gé ẹran. Ọwọ́ tí kò fọ̀ yẹn ló fi gé ẹran náà wẹ́wẹ́, kí Briar lè máa wò mí gẹ́gẹ́ bí Nana rẹ̀. Mo sì jókòó síwájú rẹ̀, mo ń wo èékánná rẹ̀.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ ...

Mo ń gbọ́ ọ níta báyìí. Ó ń di nǹkan mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹrù, bẹ́ẹ̀dì Briar bóyá, okùn ń dún lára irin. Ó ń súfèé. Kò sí bó ṣe ń súfèé tí kì í bí mi nínú. Àbámẹ́ta ṣì ni Àbámẹ́ta. Wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n á lọ.

Ìpẹtà wà lọ́wọ́ mi. Ó wà nínú gbogbo ìlà, ó dúdú lábẹ́ èékánná. Mi ò tíì rí ọwọ́ mi báyìí rí. Rọ́bà omi wà lára ògiri níbẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mi ti gbé ìṣísẹ̀ méjì lọ síbẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo dá a dúró. Bí mo bá fọ̀ ọ́, màá jókòó. Bí mo bá jókòó, màá mu tíì. Bí mo bá mu tíì, màá rí nǹkan mìíràn tí Dion ṣe.

Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀. Kó rí i.

Bírò. Àtàǹpàkò mi ti tẹ àmì pupa sára ìwé náà, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sí àbààwọ́n kan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ síbi tó yẹ:

"Dion ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ní Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ọ̀pẹ. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ń jáde lọ sọ fún un. Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́ oṣù Ẹ̀bìbí, kí aago mọ́kànlá tó lù."